Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí mo fi dákẹ́

Ẹ jókòó. Tírẹ́ẹ̀dì gígùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ka ìlà méjì àkọ́kọ́ kó wá sáré lọ sí kọ́mẹ́ǹtì lọ bú mi. Ẹ kà á tán ná. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ bú mi lẹ́yìn ìyẹn, mo wà ńlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni mo fi ń ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo ti kàwé gboyè, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ tí mo kọ́ nílé ìwé kò tíì wá mi wá, ni mo bá ń gbé fóònù kalẹ̀, mo ń fi Yorùbá ṣàlàyé òfin bọ́ọ̀lù. Fídíò mi tí ẹ pín jù lọ, èyí tí mo ti bú rẹfirí ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Kérésìmesì, àwọn ọmọ àdúgbò wa gbá àṣekágbá ìdíje kan tí àwọn lánlọ́ọ̀dù dáwó sí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀: ife kékeré kan, bọ́ọ̀lù tuntun méjì, àti ₦40,000. Ẹ má fojú di ₦40,000 o. Ọmọ tó ń fi sálúbàtà gbá bọ́ọ̀lù ti ń ro iye bàtà tó máa rà níbẹ̀ láti ìparí oṣù Kọkànlá.

Fóònù ni mo lọ gbé kalẹ̀ tèmi. Rẹfirí tí wọ́n pè ni kò dé. Wọ́n ní ọ̀kadà rẹ̀ kú sójú ọ̀nà Ìlọrin. Ni àwọn kóòṣì méjèèjì bá wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí mo ti ń to tripod mi. "Àńtí, ẹ̀yin lẹ mọ òfin jù níbí. Ẹ gba fèrè."

Ó yẹ kí n kọ̀. Òótọ́ ni pé mo gbá bọ́ọ̀lù ní sẹ́kọ́ńdírì, mo sì mọ òfin ju ọ̀pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mímọ òfin yàtọ̀ sí kéèyàn dúró láàárín pápá, kí ọmọ mẹ́rìnlá máa kígbe mọ́ ọn. Inú mi dùn ni o, kí n má parọ́. Mo gbé fóònù fún àbúrò mi, mo ní kó má pa á rárá. Mo gba fèrè.

Pápá wa kì í ṣe pápá. Ìta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni. Igi góòlù, ọparun mẹ́ta tí wọ́n fi okùn dì pọ̀. Kò sí àwọ̀n. Eérú ni wọ́n fi fa ìlà. Ọyẹ́ ti mú gan-an, eruku bo ilẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú, tí adìẹ bá kọjá, ẹ máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi eruku yìí náà sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ kan wọ jẹ́sì Super Eagles àtijọ́, èkejì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Ewé àti Funfun, torí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Kí n tó fọn fèrè àkọ́kọ́ rárá, bàbá kan tó jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ti sọ̀rọ̀. "Obìnrin lẹ gbé fèrè fún? Á jẹ́ pé a máa ríran lónìí." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Funfun ti jẹ góòlù kan. Nọ́ḿbà 7 àwọn Ewé, ọmọ kékeré kan tí jẹ́sì rẹ̀ gùn dé orúnkún, ló ta bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn. Ó lu abẹ́ ọparun òkè, gbàà! Ó balẹ̀, ó ta padà síta. Ọmọ Ewé mìíràn sáré gbá a padà, ó gba òkè igi kọjá lọ.

"Ó wọlé! Àńtí, ó ti wọlé!" Gbogbo wọn ló gbọ́wọ́ sókè.

Ẹ̀yìn ọmọ méjì ni mo wà, mo sì jìnnà. Mi ò rí ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí. Mo mi orí pé rárá, mo nawọ́ sí gólì pé kó gbá a jáde. Títí débí yìí, mi ò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Rẹfirí kì í fúnni ní góòlù tí kò rí.

Bọ́ọ̀lù ti yí lọ sábẹ́ igi máńgòrò, gólì ń rìn lọ mú un. Èmi rìn lọ síwájú góòlù, mo fẹ́ ti àwọn ọmọ sẹ́yìn. Mo bojú wolẹ̀. Nínú eruku yẹn, lẹ́yìn ìlà eérú, ojú bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ rogodo. Kì í ṣe orí ìlà. Ẹ̀yìn ìlà. Àlàfo tó wà láàárín òun àti eérú tó àtẹ́lẹwọ́ kan.

Mo ti wo fídíò náà débi pé mo ti ka àsìkò rẹ̀. Láti ìgbà tí mo bojú wolẹ̀ títí gólì fi gbá bọ́ọ̀lù jáde, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni.

Ìṣẹ́jú àáyá 10 pọ̀ o. Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ kà á. Ó tó kí n fọn fèrè, kí n sọ pé, "Ẹ dúró, mo ṣì í, góòlù ni," kí n sì nawọ́ sí àárín pápá. Òfin fún mi láyè rẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù karùn-ún, èyí tó dá lórí rẹfirí, sọ ọ́ kedere: rẹfirí lè yí ìpinnu rẹ̀ padà tó bá rí i pé òun ṣì í, tàbí tí ojúgbà rẹ̀ bá sọ fún un, níwọ̀n ìgbà tí eré kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ padà. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ti fọn fèrè ìparí ìdajì eré tó sì ti kúrò lórí pápá, ó ti bọ́. Kódà kó máa sunkún. (Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí VAR lè padà sí lẹ́yìn náà, bíi kí ẹnìkan ti fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹnìkejì, tàbí kí wọ́n fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ní káàdì ẹlòmíì. Góòlù kò sí níbẹ̀.)

Mo mọ òfin yìí lórí. Òun gan-an ni mo fi ṣe fídíò tí ẹ pín jù lọ yẹn.

Ẹ rántí ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2024. AFCON, Nàìjíríà àti South Africa ní Bouaké, ẹni tó bá borí ló ń lọ sí àṣekágbá. Ilé ìwòran kan ní Under G ni èmi wà, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Troost-Ekong ti fi pẹ́náritì jẹ kan fún wa. Nígbà tí eré ń parí lọ, Osimhen tẹ bọ́ọ̀lù wọlé. 2-0. Ọmọ! Ẹnìkan da omi pure water lé mi lórí, mo sì dì mọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Àfi bí rẹfirí ará Íjíbítì yẹn, Amin Omar, ṣe lọ dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ Osimhen, Alhassan Yusuf ti gbé Percy Tau ṣubú nínú éétíìn tiwa lọ́hùn-ún. Ó fagi lé góòlù wa, ó tún fún wọn ní pẹ́náritì. Mokoena gbá a wọlé. A rò pé 2-0 ni, 1-1 ló kù lọ́wọ́ wa. Nwabali ló kó wa yọ, 4-2, nígbà tí wọ́n wá gba pẹ́náritì. Ìròyìn gbé e lọ́jọ́ kejì pé àwọn kan kú nílẹ̀ wa níbi tí wọ́n ti ń wo eré yẹn.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo ṣe fídíò. Mo bú ọkùnrin náà tìtorí tìtorí. Mo ní rẹfirí tó mọṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n pè é padà. Mo ní tó bá ti fọn ọ́n, ó ti fọn ọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Irọ́ ni mo pa. Bọ́ọ̀lù ò dúró rárá láti ìgbà tí Tau ti ṣubú títí Osimhen fi gbá a wọlé. Wọn ò tíì gbé bọ́ọ̀lù sí àárín pápá kí South Africa tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ wọlé, lójú gbogbo àwọn aláwọ̀ ewé tó wà nínú pápá yẹn àti gbogbo àwa tá à ń ṣépè fún un nílé. Tèmi, èèyàn tó ń wò mí lọ́jọ́ náà kò tó 200.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ń rò nínú ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn. Mi ò ro nọ́ḿbà 7. Mi ò ro òfin. Bàbá orí àga rọ́bà ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé tí mo bá yí i padà, á sọ pé, "Mo wí bẹ́ẹ̀ fún yín." Pé á di ìtàn ní àdúgbò: wọ́n gbé fèrè fún obìnrin, kò mọ èyí tó máa mú. Gólì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó gbá a. Eré bẹ̀rẹ̀. Ó parí.

Nọ́ḿbà 7 ń wò mí. Kò pariwo mọ́. Ó kàn ń sáré, ó ń yíjú wò mí.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ ni, mi ò ní kọ tírẹ́ẹ̀dì.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí i, ọmọ Ewé kan gbé bọ́ọ̀lù wọ éétíìn Funfun. Bákì wọn kan, ọmọ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, yọ ẹsẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó gbá bọ́ọ̀lù dànù. Bọ́ọ̀lù nìkan. Ó mọ́ bí omi. Ọmọ Ewé tó ń sáré bọ̀ ló kọsẹ̀ lára ara rẹ̀ tó ṣubú.

Mo fọn fèrè. Mo nawọ́ sí ibi pẹ́náritì.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Mo rí i. Ibi tí mo dúró dáa, oòrùn ò sí lójú mi, kò sẹ́ni tó dí mi. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ló gbá. Mo kàn fẹ́ san gbèsè tí mo jẹ àwọn Ewé, mo wá lọ yọ owó náà lápò ẹlòmíì.

Ọmọ yẹn ò bú mi. Ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ nínú eruku yẹn. "Àńtí, bọ́ọ̀lù ni mo gbá o. Ẹ jọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù ni." Mo ní kó dìde. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn líle gan-an, irú ohùn tí àwọn rẹfirí tí mo máa ń bú máa ń lò.

1-1. Ìdíje tiwa ò ní àfikún àsìkò, pẹ́náritì ló kàn tààrà. Ewé borí. Wọ́n gbé nọ́ḿbà 7 sọ́rùn yí pápá po. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn lọ jókòó síbi kànga, ó gbé orí lé orúnkún. Bàbá orí àga rọ́bà wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "O gbìyànjú o, ọmọ mi. O ò bẹ̀rù ẹnìkankan."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti mú iná lọ, mo fi power bank ṣàjọ fóònù, mo jókòó láti gé fídíò. Mo ti ní àkọlé lọ́kàn: Ọjọ́ tí mo di rẹfirí. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Mo dé ibi bọ́ọ̀lù nọ́ḿbà 7. Mo dẹ eré fídíò náà. Ẹ̀yìn ìlà ló balẹ̀ sí, kò sí àríyànjiyàn.

Mo wá jẹ́ kó máa lọ, mo fẹ́ wo ojú mi nínú ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn. Ojú mi kọ́ ni mo rí. Ẹsẹ̀ mi ni. Mo bojú wolẹ̀, mo dúró díẹ̀, mo wá fi bàtà mi nu ojú bọ́ọ̀lù náà rẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni ń pa èèrà.

Mi ò rántí pé mo ṣe é. Títí di báyìí tí mò ń kọ ọ́, mi ò rántí.

Mo gbé fóònù lọ bá bàbá mi. Géèmù másítà ni wọ́n, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wo ti àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ikpeba," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn mi, ẹ bi àwọn bàbá yín. Ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2000, ọdún tí wọ́n bí mi gan-an. Àṣekágbá AFCON ní Sùúrùlérè, àwa àti Kamẹrúùnù. Eto'o àti Mboma ti jẹ méjì sí wa láwọ̀n, Raphael Chukwu àti Okocha dá a padà, 2-2. Ó di pẹ́náritì. Victor Ikpeba gbá tiẹ̀, ó lu igi òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó ta jáde. Rẹfirí ní kò wọlé. Kamẹrúùnù gba ife, 4-3, nínú ilé wa. Tẹlifíṣọ̀n fi hàn lọ́jọ́ náà pé ó wọlé. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ọjọ́ náà, tiwa tá a wà nílé ni. Rẹfirí ò ní. Ọdún 2019 ni AFCON tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo VAR.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti forí jì í?"

"Ta ni?"

"Rẹfirí ọjọ́ Ikpeba."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Kò rí i. Ẹni tí kò rí, kí ni mo fẹ́ bá a fà?" Wọ́n nawọ́ sí fóònù. "Ìwọ rí i ńkọ́."

Mo wá fi pẹ́náritì hàn wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni, o wá fi ìtìjú bò ó. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Má pè é ní àṣìṣe níwájú mi."

Mo ní mo fẹ́ fi gbèsè dọ́gba ni.

"Gbèsè ta ni? Funfun ló jẹ ẹ́ ni?"

Mi ò lè dáhùn. Wọ́n wá rán mi létí ti rẹfirí ọmọ Gánà yẹn, Joseph Lamptey. Oṣù Kọkànlá ọdún 2016, South Africa àti Senegal ní Polokwane, eré ìyege fún ife àgbáyé. Bọ́ọ̀lù kan orúnkún Koulibaly, ó ní ọwọ́ ni, ó fún South Africa ní pẹ́náritì. Wọ́n borí 2-1. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? FIFA ní wọ́n gbọ́dọ̀ tún eré náà gbá. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un gbá, Senegal jẹ 2-0, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà. Kì í ṣe torí pé Lamptey ṣì í. Wọn kì í tún eré gbá torí pé ojú rẹfirí ṣókùnkùn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní yé tún ti ọdún 2000 gbá. FIFA ní ó jẹ̀bi pé ó darí èsì eré náà síbi tó fẹ́. Wọ́n ní kó má dá sí bọ́ọ̀lù mọ́ títí ayé. Ó pẹjọ́, ó pàdánù.

Bàbá mi ò sọ pé èmi ni Lamptey. Wọ́n kàn sọ ìtàn náà tán, wọ́n ní kí n pa iná tọ́ọ̀ṣì kí n jẹ́ káwọn sùn.

Mi ò sùn. Mo fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Cardiff. Ọ̀gbẹ́ni náà ti di ará ibẹ̀ pátápátá, rọ́gíbì ló ń wò báyìí, bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin yẹn. Ó ní òun ní èèyàn méjì fún mi.

Àkọ́kọ́, Craig Joubert. Ife àgbáyé rọ́gíbì, ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, ọdún 2015, ní Twickenham. Scotland ń fi àmì méjì ṣíwájú Australia, eré ti fẹ́ parí. Joubert fún Australia ní pẹ́náritì, Foley gbá a, 35-34, Scotland ń lọ sílé. Bó ṣe fọn fèrè ìparí báyìí ni Joubert sáré kúrò ní pápá, kò bọ ẹnìkan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, World Rugby fúnra wọn jáde sọ pé ìpinnu náà kò tọ̀nà, scrum ló yẹ kó jẹ́. Òfin ìgbà náà ò tiẹ̀ gbà á láyè kó lọ wo fídíò fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ohun tí àwọn èèyàn ò gbàgbé ni ẹsẹ̀ tó fi sá.

Èkejì, Romain Poite, ará Faransé. Ọjọ́ 8, oṣù Keje, ọdún 2017, Auckland, New Zealand àti àwọn Lions, 15-15, ó ku ìṣẹ́jú bíi méjì. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Lions kan, ẹnìkejì rẹ̀ tó wà níwájú gbá a mú, ó sì yára jù ú sílẹ̀. Poite fọn fèrè: pẹ́náritì fún New Zealand. Ní ibi tó wà yẹn, wọ́n lè gbá a wọlé, kí gbogbo rẹ̀ parí. Ó wá wo fídíò, ó bá ojúgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì yí i padà: ó ní kò mọ̀ọ́mọ̀ ni, scrum ló máa jẹ́. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Eré parí ní ọ̀mì. Àwọn ará New Zealand ṣì ń jà títí dòní pé èyí tó kọ́kọ́ sọ ló tọ̀nà.

"Ṣé wọ́n ní kò gbójú?" ni mo bi ẹ̀gbọ́n mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n pè é ní oríṣiríṣi. Mi ò rántí pé ẹnìkan pè é ní ojo." Ó wá fi kún un pé rẹfirí rọ́gíbì máa ń so máíkì mọ́ àyà, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ohun tó ń rò. Tó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo ro ara mi pẹ̀lú máíkì lọ́jọ́ náà. Kí lẹ bá gbọ́? Ìró bàtà nínú eruku.

Ẹnìkan máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn pè wọ́n padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ bi àwọn ará Tùnísíà. Ọjọ́ 12, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, ní Limbe, AFCON, Mali ń fi 1-0 nà wọ́n. Janny Sikazwe fọn fèrè ìparí ní ìṣẹ́jú 85. Wọ́n pariwo, ó jẹ́ kí eré máa lọ, ó tún fọn ọ́n kí 90 tó pé. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì padà wá parí ohun tó kù. Mali jáde. Tùnísíà kọ̀. Èsì náà dúró bẹ́ẹ̀. (Ó ní oòrùn ọjọ́ náà ló fẹ́ pa òun. Mo gbà á gbọ́. Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣe mí ní nǹkan kan ní tèmi, mi ò ní àwáwí.) Ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá 10, kò ṣeé tún ṣe nígbà tí àwọn ọmọ ti wẹ̀, tí wọ́n ti jẹun.

Nítorí náà mi ò gbé fídíò síta, mi ò sì ní gbé e síta. Ojú ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Mo gé ibi méjèèjì, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdíje náà, níbi tí àwọn kóòṣì àti àwọn lánlọ́ọ̀dù wà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: góòlù nọ́ḿbà 7 wọlé, mo rí ojú rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ padà, mo dákẹ́. Pẹ́náritì yẹn kì í ṣe pẹ́náritì, mo mọ̀ nígbà tí mo ń fọn ọ́n. Ẹ má bínú.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòṣì Ewé ní ife ò kúrò níbi tó wà, àti pé wọ́n ti ra bàtà. Òótọ́ ni. Kóòṣì Funfun kọ ọ̀rọ̀ kan, ó pa á rẹ́. Bàbá orí àga rọ́bà kọ ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n máa kọ, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Mo kà á. Ó dùn mí gan-an, fún bí ọjọ́ méjì. Nǹkan tí mo tìtorí rẹ̀ nu ojú bọ́ọ̀lù rẹ́ nìyẹn o. Ọjọ́ méjì.

Nọ́ḿbà 7 rí mi lọ́nà Tákíé. Ó ní, "Àńtí, ẹ káàsán mà. Mo sọ fún yín pé ó wọlé." Ó ń lọ, ó tún yíjú padà: "Bàtà yẹn dáa o."

Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn ló wá sílé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un tán nínú ọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní gbogbo kíláàsì àwọn ló ń pè é ní Pẹ́náritì. Ó ní bọ̀dá òun tiẹ̀ sọ fún òun pé tí òun ò bá yọ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá gba ife.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe. Mo ti ń rò ó pé á ní kí n ra bọ́ọ̀lù fún òun. Mi ò bá rà á.

Ó ní, "Àńtí, ṣebí àwọn èèyàn púpọ̀ ló ń ka nǹkan tí ẹ̀ ń kọ. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ní ṣé kí n dárúkọ rẹ̀. Ó ní rárá o, àwọn ara kíláàsì òun máa mọ̀.

Ó dáa. Ẹ̀yin ara kíláàsì rẹ̀, tí ẹ bá wà níbí: bọ́ọ̀lù ló gbá. Kò fẹsẹ̀ kan ẹnìkankan. Mo dúró síbẹ̀, mo rí i dáadáa, mo sì fọn fèrè.